Màmá Àgbà Nínú Pálọ̀, Bàbá Lórí Igi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ọba tó dá igi tó sì dá ẹni tó ń gé e. Mo dúpẹ́ pé Ó fún mi ní bàbá àgbà tí mo mọ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ bàbá bàbá wọn ju orúkọ lọ. Mo dúpẹ́ pé Ó jẹ́ kí n lọ sí ilé-kéwú kí n tó wọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹni tó bá ń jẹ́rìí, kó jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako ẹbí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ le, ṣùgbọ́n kò dín ọpẹ́ mi kù.

Bàbá mi àgbà ni Sàlámì, tí gbogbo Ayétòrò mọ̀ sí Bàbá Agégi. A ti sin ín, a sì ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mi ò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i tàbí iye ilé tó kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ bi bàbá mi. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àáfà máa ń ní kí á sọ rere òkú, rere rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kórìíra kí wọ́n fi ọ̀dà kun igi tó ti jẹrà, nítorí náà mi ò ní kun òun náà.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó nípọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó sì yá láti gbá èèyàn. Ó gbá bàbá mi títí bàbá mi fi bí mi. Ó gbá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ìlaròó, ó gbá oníbàárà kan tó jẹ́ olówó, ní iwájú àwọn ọmọ ọkùnrin náà. Bàbá wà lórí igi fúrúùtù, ó ti fi okùn so ẹ̀ka ńlá kan, ó ti gé e tán, ẹ̀ka náà ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Onílé gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Bàbá pariwo títí, kò gbọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fa okùn ró títí awọ ọwọ́ wọn fi bó. Bàbá yọ̀ bọ́ láti orí igi, ó bá ọkùnrin náà níbi tó dúró sí, ó fọ́ ọ létí, fóònù sì fò bọ́ sínú gọ́tà.

Ọkùnrin náà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, "Ìwọ agégi lásánlàsàn, o gbá mi nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́?"

Bàbá ní, "Ẹ máa bínú, ọ̀gá. Ẹni tí mo bá gbá ṣì lè bínú. Ẹni tí igi bá gbá kì í bínú mọ́."

Ọkùnrin náà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì pe ẹlòmíràn tó gba ìdajì owó láti parí rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe máa ń rí. Ẹni tó fẹ́ gé igi nílé rẹ̀ máa ń pe agégi méjì tàbí mẹ́ta, kí oníkálukú wá wo igi, kó sọ iye tó máa gbà. Bàbá ló sábà máa ń gbówó lórí jù. Kì í sọ iye kankan kó tó yí igi náà po. Yóò fi ẹ̀yìn àáké gbá a láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, yóò gbé etí lé e, yóò tún gbá a. Igi tó le koko a dún gbì. Èyí tí ikán ti wọ inú rẹ̀ a dún bí agbè òfìfo. Lẹ́yìn náà ló máa ń sọ iye ọjọ́: méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Òkè ló ti máa ń gé igi bọ̀ wálẹ̀. Ìtì igi kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ fi okùn so ó, á gé e, wọn a sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àwọn tó ń bá a du iṣẹ́ kì í gun igi rárá. Ìdí igi ni wọ́n ti ń gé e, kó wó lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú máa lọ sílé. Ta ni kò ní yan tiwọn?

Bí àkókò ìrun bá tó, yóò sọ̀kalẹ̀, bí ẹ̀ka tilẹ̀ ṣì so kọ́ sára okùn lókè. Oníbàárà á máa kùn, ọjọ́ á máa lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan wà tí ó tú okùn nígbà tí Bàbá fi orí kanlẹ̀ níbi ìrun Alásàrì, ó fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ìtì igi já bọ́, ó pa ewúrẹ́ onílé, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ débi pé wọn kò lè jẹ ẹ́. Bàbá parí ìrun rẹ̀, ó sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì, ó dìde, ó mú okùn kan náà, ó fi na ọmọkùnrin náà títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó tì í, ó ń fi omi nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run tí à ń kírun fún kò kánjú. Kí ló wá ń lé ìwọ?"

Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ìdí tí kò fi lè gé igi nísàlẹ̀ bí àwọn tó kù. Mo rò pé yóò gbá mi. Ti àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi, Làsísì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Àràbà kan wà ní Ìlárá tí agégi àgbà kan ti dá owó lé. Òun àti Làsísì lọ bá onílé, wọ́n ní àwọn yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. "Àwa ni pọ́ọ́kú nígbà náà," ni ó wí. Kí owó náà lè kárí wọn, wọn kò ra okùn, wọn kò sì gun igi náà. Wọ́n gé e nísàlẹ̀. Bó ṣe ń wó, ẹ̀ka kan há mọ́ ògiri ilé, ó tẹ̀ bí ọrun, ó sì tú padà. Ó gbá Làsísì láyà, ó kàn án mọ́ ògiri kejì.

"Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì," ni Bàbá wí. "Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Mo dè é mọ́ ẹ̀yìn ara mi, mo gun kẹ̀kẹ́, mo ní n ó gbé e dé ọsibítù Ìmẹ̀kọ. Ó ti kú kí n tó jáde nínú Ìlárá. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó tún wá ní, "Iṣẹ́ igi tí èèyàn bá gbà ní pọ́ọ́kú, ẹ̀jẹ̀ ló ń san ìyókù."

Ṣùgbọ́n oníbàárà kò mọ Làsísì. Iye tí Bàbá pè nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Nítorí náà ó dá ọgbọ́n kan, tí mi ò tíì gbọ́ pé agégi mìíràn ń dá. Bí oníbàárà bá ní, "Bàbá, àwọn tó kù ò gba tó yìí o," yóò ní, "Mo gbọ́. Igi yín dúró lórí pálọ̀ yín. Ní ọjọ́ tí mo bá ń gé e, ìyàwó mi ni yóò jókòó sínú pálọ̀ yẹn láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ bi àwọn tó kù bóyá wọ́n á mú ìyàwó tiwọn wá." Ó lé ní ogún ọdún tí gbólóhùn yẹn fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú, tí a fi ń jẹun.

Ìyàwó náà ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi. Ní ọjọ́ iṣẹ́, onílé a kó ọmọ àti aya àti ewúrẹ́ jáde, Màmá Àgbà a sì wọlé. Yóò gbé igbá ẹ̀gúsí dání, yóò jókòó sórí àga onílé, yóò máa bó ẹ̀gúsí.

Mo tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Mo rò pé eré ni. Ìtì igi tó kọ́kọ́ kanlẹ̀ mi ilé náà tìtì, eruku dà láti òkè àjà, àwòrán onílé já bọ́ lára ògiri, gíláàsì rẹ̀ fọ́ sẹ́sẹ̀ mi. Mo fẹ́ sá jáde. Màmá Àgbà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ aṣọ mi mọ́lẹ̀.

"Jókòó, Ráfí. Bó ẹ̀gúsí."

"Ẹ̀rù ò bà yín ni, Màmá?"

"Bó ẹ̀gúsí, mo ní."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Èèpo ló ń jù sínú igbá, ẹ̀gúsí tó bó ló ń jù sílẹ̀. Mo ní, "Tí igi bá wá já bọ́ lé wa lórí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ó ti rí ẹ̀gúsí tí ẹ ó fi sebẹ̀ sàráà mi."

Ẹni tó ba ọgbọ́n Bàbá jẹ́ ni Gàníyù. Apá Agosasa ló ti wá. Kò tíì tó ogójì ọdún, ó sì ní ẹ́ńjìnnì ìgégi tó rà lódìkejì ẹnubodè. Ẹ́ńjìnnì náà máa ń ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Ohun tí Bàbá ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, Gàníyù ń fi àárọ̀ kan ṣe é, ìdajì owó ló sì ń gbà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Igi tó bá dúró ní gbangba, ó mọ̀ ọ́n gé, yóò sì wó sí ibi tó bá nawọ́ sí. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá bá Bàbá níbi tí wọ́n ti pe agégi jọ, èdè Faransé ti àwọn ará ọ̀hún ló máa ń fi béèrè àlàáfíà rẹ̀.

"Sá fà, Bàbá? Ẹ tún ti gbé etí lé igi. Kí ló bá yín sọ? Ṣé ó ní kí ẹ fi díẹ̀ kún owó ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ní kí n bá òun kí ìyá rẹ," ó sì gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Gàníyù fa igi ìdáná kan yọ, ó là á mọ́ Bàbá lórí. Wọ́n wọ̀yá ìjà nínú iyanrìn, àgbàlagbà àti ẹni tó tó ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dí wọn lójú débi pé ọ̀kan kò rí ibi tó ń lu èkejì sí. Wọ́n ń já wọn gbà, wọ́n ń padà síra wọn. Nígbà tí wọ́n là wọ́n tán pátápátá, Bàbá nawọ́ sí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹnu rẹ mú ju ẹ́ńjìnnì rẹ lọ. Tí ọkàn rẹ bá balẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ, mú ìyàwó rẹ wá jókòó."

Gàníyù tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di òjò ọdún kejì, ẹ́ńjìnnì ti mọ́ àwọn èèyàn lára, wọ́n ti rí i pé igi kì í wó lu ilé ní gbogbo ìgbà, gbólóhùn Bàbá kò sì tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oṣù kan kọjá láìsí iṣẹ́, oṣù kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la ń jẹun. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí a ń jẹun lọ́wọ́, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín owó kù díẹ̀. Gàníyù ò ní í kúrò nílùú yìí fún wa."

Bàbá ju àwo ẹ̀bà mọ́ ògiri. Ọbẹ̀ ṣàn sílẹ̀ lára ògiri náà. Ó di kọ́là aṣọ bàbá mi mú, ó gbé e dìde, ó kàn án mọ́ ibi tí ọbẹ̀ náà wà. Àwa ọmọ sá jáde. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, kò pariwo mọ́, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Èwo ni kí n dín nínú rẹ̀, Múfú? Ṣé okùn ni, àbí ọjọ́?"

Lẹ́yìn èyí ni ti igi Ìyá Bọ́sẹ̀.

Opó ni Ìyá Bọ́sẹ̀, gàrí ló ń yan tà, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Igi máńgòrò kan dúró sí ẹ̀yìn pálọ̀ rẹ̀, ọkùnrin méjì kò lè fọwọ́ gbá a mọ́ra tán, ó sì tẹ̀ sórí ilé. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ti dá páànù ilé ìdáná lu. Obìnrin náà pe Bàbá, ó pe Gàníyù. Bàbá yí igi náà po, ó ń gbá a, ó ń tẹ́tí. Ní ìhà tó kọjú sí oko, ó dún gbì. Ní ìhà tó kọjú sí ilé, ó dún bí agbè.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ìhà ilé rẹ̀ ti jẹrà. Bí wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì gé e nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n bá ní kó wó sí kọ́ ni yóò wó sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ó lò."

Gàníyù rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn, Ìyá. Àárọ̀ kan ni tèmi, ìdajì owó wọn ni n ó sì gbà."

Bàbá kò gbá a lọ́jọ́ yẹn. Ó dá ọgbọ́n rẹ̀ àtijọ́. "Ṣé o máa mú ìyàwó rẹ wá jókòó?"

Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀ rò pé Gàníyù yóò tún bá tirẹ̀ lọ. Ó wo Bàbá lójú. Ó ní, "Bílíkísù á jókòó síbẹ̀ lọ́la. Tó bá jókòó, ṣé ẹ ó dákẹ́ ẹnu yín ní ìlú yìí?"

Bàbá ní, "N ó dákẹ́."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wo àwọn méjèèjì, ó sì mú ìdajì owó. Mi ò dá a lẹ́bi. Nígbà tí a délé, Màmá Àgbà ní, "Bàbá Múfú, oyún obìnrin yẹn ti pé oṣù méje." Bàbá ní, "Kò ní í mú un wá. Ẹnu lásán ni." Ó wẹ̀, ó kírun, ó jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rán mi lọ ra gàrí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ kọjá, mo sì rí Bílíkísù lójú fèrèsé, ó jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Mo sáré padà sílé.

"Bàbá, ó ti mú un wá."

Ó ń pọ́n àáké lọ́wọ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Bàbá sọ àáké sílẹ̀, ó sáré láìwọ bàtà. Mo tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run.

Nígbà tí a débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti wọ inú igi jìnnà, ìyẹ̀fun igi ń fọ́n jáde, dúdú ti igi tó jẹrà ló ń jáde, kì í ṣe funfun. Bàbá pariwo, Gàníyù kò gbọ́. Bàbá gba ẹnu ọ̀nà wọ pálọ̀. Mo dúró lẹ́nu ìloro, mo rí gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Jáde kíákíá."

Bílíkísù di ọwọ́ àga mú. "Bàbá, ẹ jẹ́ n jókòó. Ó ní tí mo bá dìde, ẹ ti borí òun."

Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á. Bílíkísù bù ú jẹ lápá. Bàbá fọ́ ọ lẹ́nu, ó fa òun àti àga rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi já lára àga, ó wọ́ ọ gba ilẹ̀ pálọ̀, obìnrin náà ń ké pé wọ́n ń pa òun. Ìgbà yẹn ni Gàníyù pa ẹ́ńjìnnì. Ó sáré yọ níwájú ilé, ó rí ọkùnrin tó kórìíra òun tó ń wọ́ ìyàwó òun tòun toyún, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ìyàwó náà. Àdá rẹ̀ wà lórí ìdì ẹ̀ka igi. Ó mú un.

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀."

Bàbá kò fi í sílẹ̀. Gàníyù ṣá ọwọ́ òsì tó di obìnrin náà mú. Ìka mẹ́ta já bọ́ sórí ìloro, ní iwájú ẹsẹ̀ mi. Bàbá kò ké. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́ Bílíkísù lápá, ó fi èjìká ti tọkọtaya náà lẹ́ẹ̀kan náà kúrò lórí ìloro, ó sì gbá mi mọ́ra bọ́ sílẹ̀. Gàníyù tún gbé àdá sókè.

Nígbà náà ni igi náà ya, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ òfì ya. Kò wó sí ìhà oko. Ó jókòó lé ìdí ara rẹ̀ tó ti jẹrà, ó yí, ó sì ṣubú lé pálọ̀. Páànù rún bí ìwé, búlọ́ọ̀kù fọ́n ká, eruku bò wá tí a kò rí ara wa. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò sí pálọ̀ mọ́. Ìtì igi ńlá náà sùn sí ibi tí àga wà. Gàníyù ṣì gbé àdá sókè, kò rántí pé òun mú un dání.

Bàbá jókòó nínú iyanrìn, ó fún ọwọ́ òsì mọ́ àyà, ẹ̀jẹ̀ ń gba itan rẹ̀ ṣàn. Ó ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀, Gàníyù. Gbé ìyàwó rẹ lọ sí ọsibítù."

Ọlọ́run ṣàánú wa. Bílíkísù bímọ láyọ̀. Bàbá kò tún gun igi mọ́. Àwọn èèyàn ń wọ́ wá kí i, wọ́n ń pè é ní akọni. Ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ tó tún lè jáde, Lèmọ́mù fẹ́ yìn ín nígbà wàásù, ó ní ẹ wo ẹni tó fi ìka mẹ́ta ra ẹ̀mí méjì. Bàbá dìde láàárín èrò, ó fi aṣọ funfun di ọwọ́.

Ó ní, "Lèmọ́mù, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Ẹ̀mí méjèèjì yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ fi wọ́n tajà. Èmi ni mo sọ ìyàwó ẹni di ẹ̀rí iṣẹ́ ẹni nílùú yìí. Ọ̀dọ̀ mi ni Gàníyù ti kọ́ ọ."

Láti mọ́ṣáláṣí, ó lọ sílé wọn. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń sunkún, Bàbá fi í sílẹ̀ nílẹ̀ pẹ́ kó tó ní, "Dìde, lọ ra okùn." Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Bílíkísù. Ohun tí ojú kì í rí nìyẹn, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kékeré. Bílíkísù figbe ta, ó fẹ́ gbé e dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ta mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ilé ni kò ti sí ẹ̀rín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ bá Màmá Àgbà nídìí ààrò, níbi tó ti ń ro ẹ̀bà. Mo ń kó igi sínú iná.

"Ìyá Múfú, forí jì mí. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ọ́ jókòó sílé onílé."

Ó ń ro ẹ̀bà rẹ̀. "Ẹ ò bi mí léèrè rí."

"Mo mọ̀."

"Kódà, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Ẹ sáà ń sọ ọ́ fún oníbàárà, èmi a sì gbọ́ lẹ́nu wọn." Ó bu ẹ̀bà sínú àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹun."

Ní gbogbo ọdún, bí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la, Bàbá a lọ bá a, a ní, "Ìyá Múfú, forí jì mí." Màmá Àgbà a ní, "Ẹ jẹun." Kì í fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń bá a wẹ ọwọ́ tí kò níka. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí Bàbá ń wá, Màmá Àgbà kò sọ ọ́. Mo ti kúrò nílé, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéwú tèmi, bí mo bá wá kí wọn, Bàbá a fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ka àyọkà fún un, mo ṣàlàyé èrè aforíjìn. Ó ní òun gbọ́. Ìgbà tí Bàbá wọ àìsàn ìkẹyìn, ẹ̀rù ikú kò bà á. Ó ní, "Ráfí, ikú kọ́. Ẹni tí mo jẹ gbèsè rẹ̀ kò tíì tú mi sílẹ̀."

Gàníyù ra okùn o. Ó ń gun igi báyìí, ó ń sọ ìtì igi kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, owó rẹ̀ sì ti gbéra. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti ń gba ìdajì. Ó bá mi sọ ọ́ níbi òkú, ó ní, "Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe fi Bàbá rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí wọ́n ti wẹ Bàbá tán, tí wọ́n ti wé e, tí wọ́n gbé e sí àgbàlá, àáfà ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ó ní ẹni tí òkú yìí bá ṣẹ̀, kó forí jì í, kó lè lọ ní ìrọ̀rùn. Bàbá mi ní òun ti forí jì í. Gàníyù sọ tirẹ̀, kò lè parí rẹ̀. Bílíkísù sọ tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó fi okùn nà nígbà kan, tó ti di bàbá ọlọ́mọ, sọ tirẹ̀. Gbogbo ojú wá yí sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Màmá Àgbà jókòó sí. Wọ́n dúró. Àwọn tó fẹ́ gbé òkú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún nàró. Àáfà tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Màmá Àgbà wo aṣọ funfun náà.

"Mo ti forí jì í," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run bi í léèrè o. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn."

Àáfà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àmín." Wọ́n gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ibí, Ọlọ́run Aláàánú yóò fi ọwọ́ rere gbà yín níbi iṣẹ́ yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ń ta pọ́ọ́kú lé yín sínú ẹ̀ṣẹ̀. Yóò fún yín ní ahọ́n láti bi àwọn ará ilé yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ pé rárá. Ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀, ojú yín àti ojú rẹ̀ ni yóò ti tú yín sílẹ̀, láyé ńbí, kí ilẹ̀ tó gba ara. Àmín.